Ẹ Yé Fi Epo Vidange Pa Erúkọ́ Mọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti ẹ̀yin tó wà ní Togo, kálukú ti ń múra oko sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ń ká wa lára, a ó sì sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀.

Ó ti di àṣà lọ́pọ̀ abúlé pé bí erúkọ́ bá ti jẹ́ tuntun, epo vidange ni wọ́n fi ń pa á, ìyẹn epo dúdú tí mẹkaníìkì ń dà kúrò nínú ẹ́ńjìnì mọ́tò àti zemidjan. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ní ikán kì í jẹ igi tó bá mu ún. A ò bá wọn jiyàn ikán. Ohun tí à ń béèrè ni pé: ta ló ń di erúkọ́ mú láti òwúrọ̀ títí dọ̀sán? Ṣé ikán ni, àbí ọmọ yín?

Epo yẹn ti kó ìdọ̀tí iná àti irin jọ nínú ẹ́ńjìnì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi í pa eku lára léraléra nínú àyẹ̀wò, jẹjẹrẹ yọ sí awọ ara wọn. Ọwọ́ tó di erúkọ́ mú yìí náà la sì fi ń bu òkèlè lóko, níbi tí omi ìfọwọ́ kò ti pọ̀.

Àwọn kan á ní kí a ra vernis. Vernis dára fún àga pálọ̀. Orí igi ló ń dúró sí bí awọ. Lára ọkọ́, oòrùn àti ìlù ilẹ̀ á là á, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò ní rọ́nà jáde, igi á sì máa jẹrà lábẹ́ ohun tó ń dán. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Epo tó ń wọnú igi ló yẹ erúkọ́ àti èèkù àdá. Bí owó bá wà, ẹ ra huile de lin. Kò dà bí epo pupa tàbí àdí, ó máa ń gbẹ, á sì le nínú igi. Ẹ jẹ́ kí igi gbẹ dáadáa, ẹ pa á tínínrín, lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Bó bá gbẹ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún un pa, títí di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ má ká àkísà rẹ̀ jọ o! Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta.

Bí owó ò bá sí, òrí àti ìda oyin ńkọ́? Ẹ yọ́ ìda ìwọ̀n kan mọ́ òrí ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ fi pa igi nígbà tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ nù ún dáadáa. Òrí kì í gbẹ bíi huile de lin, nítorí náà ẹ ó máa tún un pa lóòrèkóòrè. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ní ti ikán, ẹ má fi ọkọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e kọ́ sókè.

Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yin tó ń ta ọkọ́ lọ́jà, ọwọ́ yín ló kù sí. Ẹ má tà á fún wa tòun ti májèlé mọ́. Ẹ bá wa pín ọ̀rọ̀ yìí títí á fi dé oko. Kí ni wọ́n fi ń pa erúkọ́ lábúlé tiyín?