Iye Owó Tí A Fi Pamọ́ Sí Kọ̀rọ̀

Olóòtú Ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó kọ̀wé sí yín láìpẹ́ yìí pé kí ìjọba fòfin de àwọn ọ̀dọ́ tó ń pàtẹ ọjà lórí Facebook àti Instagram, nítorí pé wọn kì í sọ iye ọjà wọn ní gbangba. Bí mo sì ti jẹ́ ẹni tí irú àwọn ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ ti fi ojú rẹ̀ rí màbo, n kò lè sọ pé irọ́ ló pa, ṣùgbọ́n ibi tó gbé ẹjọ́ náà kà ni n kò bá a dé.

Nínú ilé mi ní Adéwọlé níbí, sálúbàtà kan tó wà lórí fóònù wu ìyàwó ọmọ mi, ó béèrè iye rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ wá sí DM." Nígbà tó dé kọ̀rọ̀ náà, wọ́n pè é ní 18,000 náírà. Èmi náà, tí àwòrán mi lórí fóònù jẹ́ ti ọjọ́ tí mo wé láwàní lọ síbi ìgbéyàwó, béèrè sálúbàtà kan náà lọ́wọ́ ọlọ́jà kan náà, wọ́n pè é fún mi ní 25,000. Ṣé sálúbàtà ni wọ́n ń tà ni, àbí láwàní mi?

Àwọn baba wa kò ṣe báyìí. Àgbàlagbà tó bá ti rin ọ̀nà oko rí mọ̀ pé olóko a máa to iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà, a kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í, kí iye òkúta lè sọ iye owó, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò fi owó sílẹ̀, yóò gbé iṣu, ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kan owó náà títí olóko yóò fi dé. Ọlọ́jà kò sí níbẹ̀, iye ọjà wà níbẹ̀. Lónìí, ọlọ́jà wà lórí fóònù tọ̀sán-tòru, iye ọjà ni a ń wá kiri bí ewúrẹ́ tó sọnù.

Àwọn ọlọ́jà orí fóònù náà ní àwíjàre díẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti ní kí náírà máa wá iye ara rẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kọjá 1,500 láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Ẹni tó kọ iye ọjà ní àárọ̀ lè kábàámọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Síbẹ̀, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ti sọ pé kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn, nítorí náà òfin tuntun kọ́ ló kù.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Kí ìjọba tó mú ọlọ́jà, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ìwé ọ̀pọ̀ aláṣẹ wa lórí Facebook, láti Àbújá títí dé ìjọba ìbílẹ̀: wọn yóò gé ríbọ́ọ̀nù, wọn yóò nawọ́ sí kànga ẹ̀rọ, àwọn ọmọlẹ́yìn yóò sì máa kì wọ́n bí ìgbà tí wọ́n ń fọn kàkàkí níwájú ọba, ṣùgbọ́n kí ará ìlú kan béèrè nísàlẹ̀ àwòrán pé, "Ọlọ́lá jùlọ, èló ni kànga yìí?", wọn yóò pa ìbéèrè rẹ̀ rẹ́. Ọlọ́jà sálúbàtà fi iye ohun tí a kò tíì rà pamọ́. Aláṣẹ ń fi iye ohun tí a ti sanwó rẹ̀ pamọ́ fún wa. Bẹ́ẹ̀ ni òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti béèrè, ó fún ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì là á mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Mo ti kọ̀wé béèrè iye owó gọ́tà kan tí àwòrán rẹ̀ dé orí fóònù mi. Ọjọ́ keje yóò pé ní Ọjọ́bọ̀. Ní ti sálúbàtà, ìyàwó ọmọ mi ni mo ní kó bá mi rà á.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Oníláwàní,
Adéwọlé, Ìlọrin.