Ẹsẹ̀ Mẹ́ta Tí Ń Gbé Kámẹ́rà

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí", bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwòrán tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń yà bọ̀ láti inú igbó lóde òní, fìrí náà ni wọ́n rí, fìrí náà ni wọ́n sì gbé wálé. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Òde-Ìrèlè gbọ̀ngbọ̀n, nítorí igbó Olúwa kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, igbó Omo wà lápá Ìjẹ̀bú, Òkòmù tí ìjọba sọ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè ní 1999 sì wà lápá Edó. Erin lákátabú, a-mi-igbó-kìjikìji, ṣì ń rìn ní Omo àti Òkòmù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2021 ni a ti ka irú erin igbó yìí mọ́ àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́ láyé.

Ẹranko igbó kì í jẹ́ kí ènìyàn sún mọ́ òun, ìdí nìyí tí ayàwòrán fi ń wá lẹ́ǹsì gígùn. Èyí tí ó jẹ́ 600mm a máa fa ohun tí ó jìnnà sún mọ́ ni ní ìlọ́po 12 ju 50mm tí a fi ń ya ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ ẹyẹ di ńlá ni ó ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Igbó wa ṣókùnkùn, ojú kámẹ́rà ní láti là pẹ́ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé, èémí kan ṣoṣo sì tó láti ba àwòrán jẹ́. Irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ tí Canon ṣe jáde ní 1999 wúwo ju kìlò 5 lọ. Wọ́n dín in kù títí ó fi di bíi kìlò 3 ní 2018. Àwọn kan a ní lẹ́ǹsì òde òní ń dá gbígbọ̀n dúró fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í bá ni gbé ẹrù, ta ni yóò sì na apá lábẹ́ kìlò 3 láti ìdájí títí oòrùn yóò fi ga?

Àwọn ọdẹ wa mọ èyí tipẹ́. Ẹni tí ó gẹ̀gùn sórí igi kì í fi apá lásán gbé ìbọn mọ́jú. Orí pàlàkà igi ni ó ń gbé e lé. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta tí ó nípọn kì í sì da àwòrán nù. Òrùka tí ó wà lọ́rùn lẹ́ǹsì ni kí a dè mọ́ ọn, kì í ṣe ìdí kámẹ́rà, kí ìwúwo má baà fa ẹnu kámẹ́rà ya. Bí a bá rí orí tí wọ́n ń pè ní gimbal fi sí i, tí a sì sún lẹ́ǹsì síwá sẹ́yìn títí ó fi dọ́gba, ìka kan tó láti fi tẹ̀lé àtíòro tí ń fò, bí a bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, kò ní dojú dé.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta kò wúlò, nítorí bí ọkọ̀ bá ti mì ni òun náà ń mì. Àpò tí a fi aṣọ líle rán, tí a rọ ẹ̀wà tàbí ìrẹsì kún, ni kí a tẹ́ sí etí ọkọ̀, kí a gbé lẹ́ǹsì lé e. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín sí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé àpò ẹ̀wà wọ igbó máa rẹ́rìn-ín lọ. Ó kúkú lè sè é bí ebi bá dé.

Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé a ń ki agbe aláró, a ń ki àlùkò olósùn, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò sì rí àwòrán wọn tí ó mọ́ gaara, nígbà tí ọ̀dọ́ tí ó lè yà á ń ná gbogbo owó rẹ̀ sórí lẹ́ǹsì, tí kò ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù fún ohun tí yóò gbé e. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkálẹ̀, ẹ ra lẹ́ǹsì tí ó kéré sí i, kí ẹ fi ìyókù ra ẹsẹ̀ fún un. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó náà kan ẹ̀gùn tí ó lágbára sí etí igbó Olúwa, kí wọ́n sì gba àwọn ọdẹ àgbà sí iṣẹ́ láti máa mú àwọn ayàwòrán débẹ̀.