Gègé Tí Akọ̀wé Tórà Kò Gbé Fún Ẹ̀rọ

Lọ́dún 2014, rọ́bọ́ọ̀tì kan ń kọ Tórà nílé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù tó wà nílùú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń jẹ́ robotlab ló ṣètò rẹ̀. Apá irin náà di gègé mú, ó ń fi yíǹkì kọ ìwé márùn-ún Mósè ní èdè Hébérù, láti ọ̀tún sí òsì, sórí bébà tó gùn tó nǹkan bí mítà 80. Bí oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ń gbà á. Èèyàn ẹlẹ́ran ara a máa lo nǹkan bí ọdún kan, nígbà mìíràn ọdún kan àtààbọ̀, kó tó parí tirẹ̀. Síbẹ̀, sínágọ́gù tó bá ń tẹ̀ lé òfin ìkọ̀wé Tórà kò lè ka ìwé rọ́bọ́ọ̀tì náà nígbà ìsìn, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ẹlòmíì lè pe èyí ní agídí. Kì í ṣe agídí rárá. Òfin tó de àwọn akọ̀wé Tórà, tí wọ́n ń pè ní sofer, di ohun kan mú tí ayé ìsinsìnyí ti fẹ́ sọ nù: ó ka ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe iṣẹ́ sí ara iṣẹ́ náà.

Awọ ẹran tí òfin gbà kí Júù jẹ ni wọ́n ń kọ Tórà sí, yálà ti màlúù, ti ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn. Wọ́n á rẹ awọ náà sínú omi ẹfun kí irun ara rẹ̀ lè bọ́, wọ́n á nà án, wọ́n á sì fá a títí yóò fi dán. Ìyẹ́ tòlótòló tàbí ti gọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbẹ́ ṣe gègé. Bí akọ̀wé bá fẹ́ dán gègé wò, àṣà kan wà: á kọ orúkọ Ámálékì, ọ̀tá àtijọ́ tí Bíbélì ní kí Ísírẹ́lì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, sórí àjákù awọ, á sì fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọ ọ́ láti orí, bó tilẹ̀ mọ gbogbo rẹ̀ dunjú. Á wo ìwé àwòkọ, á fẹnu pe ọ̀rọ̀ náà, kó tó fọwọ́ kọ ọ́. Bó bá kan orúkọ Ọlọ́run, á dúró, á sọ ọ́ jáde pé torí ìwà mímọ́ orúkọ yẹn lòun ṣe fẹ́ kọ ọ́. Bó bá ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ọba Ísírẹ́lì gan-an ì báà kí i, kò gbọdọ̀ dáhùn. Lẹ́tà 304,805 ló wà nínú Tórà kan. Kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ni méjì kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn.

Ibi tí òfin náà ti jinlẹ̀ jù lọ rèé. Lẹ́tà Hébérù méjì kan wà, dalet àti resh, tí wọ́n jọra bí ìbejì. Igun dalet yọ síta. Ti resh tẹ̀ kọrọdọ. Ká ní resh ni akọ̀wé fẹ́ kọ, tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, tí igun yọ, lẹ́tà náà ti di dalet. Ọ̀bẹ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè fi fá igun yẹn kúrò kíá. Òfin ní kó má dán an wò: kíkọ ni kó bí lẹ́tà, fífá kò gbọdọ̀ bí i. Ó ní láti ba ìrísí rẹ̀ jẹ́ kó tó tún un kọ. Nínú mezuzah, awọ kékeré tí Júù ń fi sára òpó ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ńṣe ni kí lẹ́tà 713 inú rẹ̀ tẹ̀ léra wọn lójú kíkọ. Bí akọ̀wé bá ti kọ ọ̀rọ̀ síwájú kó tó rí irú àṣìṣe yẹn, kò sí pípadà sẹ́yìn lọ tún un kọ. Mezuzah ọ̀hún ti bàjẹ́.

Bó bá wá yọ́ ọ fá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Kọ̀ǹpútà pàápàá kò lè mọ̀. Lónìí, wọ́n máa ń ya àwòrán ìwé tí akọ̀wé bá kọ, kí kọ̀ǹpútà lè yẹ̀ ẹ́ wò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ń mú àṣìṣe tí ojú èèyàn fò dá. Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin Júù, ò kọ irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìrísí lẹ́tà ni ẹ̀rọ ń rí, kò rí bí lẹ́tà ṣe débẹ̀, kò sì mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ń béèrè ìbẹ̀rù Ọlọ́run lọ́wọ́ akọ̀wé kó tó béèrè ọwọ́ tó dára.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìtẹ̀síwájú ni wọ́n ń bá jà. Ọdún 1482 ni wọ́n ti tẹ ìwé márùn-ún Mósè ní Hébérù nílùú Bologna, ní Ítálì. Inú ìwé títẹ̀ ni Júù ti ń kẹ́kọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà ń bá wọn yẹ iṣẹ́ wò. Gègé nìkan ni wọn ò gbé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Wọ́n pín iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ.

Ẹ̀rọ ti ń bá àwa náà kọ lẹ́tà, ìwàásù, ìròyìn àti iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí olùkọ́, oníwàásù àti akọ̀ròyìn tètè jókòó, kí wọ́n pinnu èwo nínú iṣẹ́ wọn ni ẹ̀rọ lè bá wọn yẹ̀ wò, àti èwo ni wọn ò ní gbé fún un láé.