ÌTỌ́JÚ ARA NÍNÚ ILÉ: ỌRÙN TÍ Ń RU ẸRÙ

Ẹni tí ó bá dúró ní Ìyànà-Ìbà tàbí ní Okokomaiko ní kùtùkùtù òwúrọ̀ yóò rí ohun méjì. Yóò rí èrò ọkọ̀ tí ń tòògbé, tí orí rẹ̀ ń ṣubú síwájú. Yóò sì rí ọmọdé tí ó ru igbá ọjà, tí ọrùn rẹ̀ nà ṣánṣán. Àwọn méjèèjì ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa iṣan ọrùn.

Orí àgbàlagbà wúwo tó ìwọ̀n kílò 5, eegun ọrùn 7 ni ó sì gbé e ró. Ṣùgbọ́n eegun nìkan kò tó. Nítorí pé iwájú orí wúwo ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, iṣan ẹ̀yìn ọrùn kò gbọdọ̀ sinmi níwọ̀n ìgbà tí a bá jókòó tàbí tí a dúró. Bí oorun bá mú kí ó dẹ̀, orí á ṣubú. Iṣan gbígbòòrò kan ti ẹ̀yìn agbárí wá dé èjìká àti àárín ẹ̀yìn. Òun ni ń gbé èjìká sókè. Òmíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn, láti ẹ̀yìn etí dé òkè eegun àyà. Bí ti ọ̀tún bá súnkì, ojú á yí sí òsì.

Ní ọdún 1986, Maloiy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn obìnrin kan ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lè ru ẹrù tí ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn, láìlo agbára ju ti ẹni tí ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ. Bí ẹrù bá rékọjá bẹ́ẹ̀, agbára tí wọ́n ń lò á pọ̀ sí i. Àgbàlagbà ni wọ́n, ẹrù rírù sì ti mọ́ wọn lára.

Àwọn baba wa ní ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tí ó wúwo. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò yan ẹrù tí a gbé kà á lórí, eegun rẹ̀ sì ń dàgbà lọ́wọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007, kọ̀ kí a di ẹrù tí yóò pa ọmọ lára rù ú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń ti ọjà Ọ̀jọ́ bọ̀, ẹ pín ẹrù sí méjì. Ẹ fi òṣùká sí orí. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín sọ̀ ọ́. Bí apá bá ń kú tipiri tàbí tí ọwọ́ kò lágbára mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bí ọrùn bá gan pẹ̀lú ibà líle, ẹ má ṣe dúró fi òróró wọ́ ọ nílé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọrùn tí a bá tọ́jú lónìí ni yóò gbé orí ró lọ́jọ́ alẹ́.