Ìtàkùrọ̀sọ Àwọn Olùfẹ́ Rédíò: Ǹjẹ́ Òfo Ni?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa ní sáà yìí tí kò yẹ kí a jẹ́ kí ó kọjá láìgbé e yẹ̀ wò. Àwọn kan nínú wa fẹ́ dá ẹgbẹ́ olùfẹ́ rédíò sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Nígbà tí a ń jíròrò lórí òfin ẹgbẹ́ náà, ẹnì kan dìde, ó sì dá a lábàá pé kí òfin kìíní jẹ́ èyí: ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lórí rédíò àfi èyí tí ó bá kan ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ àti iná mànàmáná. Ó ní òun ti gbọ́ bí àwọn olùfẹ́ rédíò ti ń ṣe: “Òjò ha rọ̀ lọ́dọ̀ yín bí? Àwọn ará ilé ńkọ́? Kí ni ẹ jẹ ní òwúrọ̀ yìí?” Ó béèrè èrè tí ó wà nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ wá di olùkọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Olùfẹ́ rédíò kì í ṣe ẹni tí ó kàn ń jókòó gbọ́ ìròyìn. Ẹni tí ó ti yege nínú ìdánwò ni, tí ìjọba ti fún ní ìwé àṣẹ àti àmì-ìpè tirẹ̀, tí ó sì ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ káàkiri ayé. Àmì-ìpè ti ilẹ̀ Nàìjíríà a máa fi 5N bẹ̀rẹ̀. Kì í gba owó fún ohun tí ó ń ṣe. Bí ó bá ní ẹ̀rọ kékeré, bátìrì kan, àti wáyà tí ó ta láti orí igi kan dé èkejì, ó tó o. Òkè ojú ọ̀run ní àwọn ipele kan tí ìtànṣán oòrùn ń mú kí wọ́n lè dá ìgbì rédíò padà sí ilẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ohùn tí ó jáde láti inú yàrá kan ṣe lè rékọjá òkun láìsí òpó tẹlifóònù kankan láàárín.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí ó ti ń ṣe eré yìí láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, èmi náà sì jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn bíi mẹ́fà ni wọ́n ń pàdé níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹnì kan a máa pe orúkọ, olúkúlùkù a sì máa jẹ́ ẹ. Ọ̀kan sọ pé ewúrẹ́ òun bí ìbejì. Èkejì sọ pé ìjì ti já wáyà òun lulẹ̀. Ẹ̀kẹta ní orúnkún ń dun òun. Nígbà tí wọ́n parí, mo wí pé: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Kí ni ẹ rí gbà nínú gbogbo èyí?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Ọmọ mi, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ibà dá mi gúnlẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ kò sí nílé. Wọ́n pe orúkọ mi ní òwúrọ̀, èmi kò jẹ́ ẹ. Wọ́n tún pè mí ní ọjọ́ kejì, èmi kò jẹ́ ẹ. Kí oòrùn tó mú ní ọjọ́ náà, ẹni tí orúnkún ń dùn yìí ti rán ọmọ rẹ̀ láti ìlú kejì wá kan ilẹ̀kùn mi. Ọmọ náà ni ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ta ni ì bá mọ̀ pé ohùn mi kò sí láàárín wọn, bí kò bá ṣe pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni a fi ń pàdé?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí a ń pè ní ọ̀rọ̀ ṣákálá ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹni tí a kì í kí lójoojúmọ́, a kì í mọ ọjọ́ tí kò sí. Àwọn baba wa mọ èyí. Kò sí ipò kan tí ènìyàn lè wà tí a kò ní ìkíni fún: a ń kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó jókòó, ẹni tí òjò pa, ẹni tí ó ra aṣọ tuntun. Bí àgbàlagbà kan kò bá jáde sí ojúde ní òwúrọ̀, àwọn aládùúgbò yóò béèrè rẹ̀. Wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n àwọn olùfẹ́ rédíò kò rí ojú ara wọn, ohùn nìkan ni wọ́n mọ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ohùn wọn ṣe iṣẹ́ tí ojú ń ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀lẹ ni ó mú irú ìtàkùrọ̀sọ bẹ́ẹ̀ wọ inú eré yìí, kí ó wo òfin rédíò tí àjọ ITU ń tọ́jú fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin náà sọ pé iṣẹ́ olùfẹ́ rédíò ni kí ó kọ́ ara rẹ̀ ní ẹ̀kọ́, kí ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì ṣe ìwádìí nípa ẹ̀rọ, láìwá èrè owó. Nígbà tí ó sì ń sọ ohun tí ó tọ́ kí àwọn ará orílẹ̀-èdè méjì bá ara wọn sọ, ó dárúkọ ohun méjì: ọ̀rọ̀ tí ó kan iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí olùfẹ́ rédíò, àti ọ̀rọ̀ tí ó kan ara ẹni. Ó tún fi àyè sílẹ̀ fún wọn láti bá ẹlòmíràn jíṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ní ìgbà ìjàǹbá. Ẹ kíyè sí i pé abala kan náà nínú òfin ni ó dárúkọ ọ̀rọ̀ ara ẹni àti ìrànlọ́wọ́ nígbà ìjàǹbá. Òfin tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín le ju ti gbogbo ayé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo bí ẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1914, Hiram Percy Maxim, ẹni tí ń gbé ìlú Hartford, fẹ́ ránṣẹ́ sí Springfield, ìlú tí kò jìnnà ju nǹkan bí 25 máìlì lọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè dé ibẹ̀. Olùfẹ́ rédíò kan tí ó wà ní Windsor Locks, láàárín ìlú méjèèjì, ni ó gba iṣẹ́ náà tí ó sì tún un rán síwájú. Láti inú èyí ni Maxim ti rí i pé bí olúkúlùkù bá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kejì, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ kò lè dé. Ó sì dá American Radio Relay League sílẹ̀ ní ọdún náà. Ẹgbẹ́ ńlá yìí kan náà ti fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìwé ẹ̀rí nítorí pé wọ́n fi ìdajì wákàtí bá ẹnì kan ṣoṣo tàkùrọ̀sọ. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn igi tí kò mọ ara wọn kò lè di igbó.

Ìtàn kejì súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, obìnrin ará Íńdíà kan, Bharathi Prasad, wà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Port Blair, ní àwọn erékùṣù Andaman. Kò sí ohun tí wọ́n bá lọ ju kí àwọn olùfẹ́ rédíò káàkiri ayé lè gbọ́ ohùn láti ibẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ohùn irú wọn ti dákẹ́ ní erékùṣù náà. Eré ni, ìkíni ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun, omi sì ya bo etíkun orílẹ̀-èdè púpọ̀. Àwọn tí ó kú lé ní 200,000. Ọ̀nà tẹlifóònù bàjẹ́ ní erékùṣù wọ̀nyí. Àwọn tí wọ́n wá ṣeré fi eré sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kí ènìyàn ni wọ́n fi ń gbé ìròyìn àwọn tí ó yè lọ fún àwọn ẹbí tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Etí tí ó ti ń gbọ́ ohùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́ ni ó lè gbọ́ igbe ní ọjọ́ ìpọ́njú. Ọjọ́ ogun kọ́ ni a ń kọ́ ọfà títa.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1971, Rod Newkirk kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn QST láti fi ọ̀wọ̀ fún ọkùnrin kan tí à ń pè ní Elmer Frohardt, ẹni tí ó fi sùúrù kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ rédíò láìgba owó. Láti ìgbà náà, “Elmer” ni orúkọ tí a ń pe ẹnikẹ́ni tí ó bá mú ẹni tuntun lọ́wọ́ nínú eré yìí. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹni tuntun ṣe lè rí Elmer tirẹ̀ níbi tí a ti fi òfin de ẹnu? Ẹni tí ó bẹ̀rù láti sọ pé “Òjò rọ̀ lọ́dọ̀ mi” kò ní lè sọ pé “Èyí kò yé mi.” Ìbéèrè ẹ̀kọ́ a máa tẹ̀lé ìkíni lẹ́yìn, bí ọmọ ti ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀.

Èmi kò sọ pé kò sí òtítọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ alátakò mi. Mo mọ̀ pé ìtàkùrọ̀sọ lè di òfófó, ó sì lè jẹ àkókò ìwé kíkà. Mo sì mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Ní ọdún 2017, Joe Taylor, ẹni tí ó ti gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní ọdún 1993, àti Steve Franke, gbé ọ̀nà kan jáde tí a ń pè ní FT8. Kọ̀ǹpútà méjì ni ó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, olúkúlùkù ní ìṣẹ́jú àáyá 15 tirẹ̀: àmì-ìpè, ibi tí a wà, bí a ti gbọ́ ara wa sí, ó parí. Ó lè mú ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ rárá, ìmọ̀ ńlá sì ni. Mo yin àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè bá igba ará ilẹ̀ òkèèrè pàdé báyìí ní ọjọ́ kan, kí ó má mọ ẹyọ kan nínú wọn. Bí orúnkún bá ń dùn wọ́n, kọ̀ǹpútà kò ní béèrè. Kí a lò ó fún ìwádìí, kí a má sì fi í rọ́pò ẹnu.

Nítorí náà, èyí ni ìmọ̀ràn mi. Kí a pín àkókò ẹgbẹ́ sí méjì: kí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ṣáájú, kí ìtàkùrọ̀sọ sì tẹ̀lé e títí agogo yóò fi lù. Títí a ó fi ní ìwé àṣẹ, kí a máa fetí sílẹ̀ ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti ní i. Kí ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tuntun lè rí àyè wọlé. Ní ti òfófó, kí a rántí pé òfin kò gba olùfẹ́ rédíò láàyè láti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àdììtú, àti pé ẹnikẹ́ni ni ó lè máa gbọ́. Ohun tí a kò bá lè sọ lójú ọjà, kí a má sọ ọ́ níbẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a máa pe orúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, kí a sì yan ẹni tí yóò wá ẹni tí kò bá jẹ́ ìpè lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, láìpẹ́ a ó túká. A ó rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sí ìletò tí olùkọ́ ibẹ̀ kò ní ju ẹni méjì lọ. Níbẹ̀ ni ibà yóò ti mú òmíràn, tí ọkàn òmíràn yóò sì rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́tà nípa wáyà àti bátìrì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni yóò mú ẹnì kan wá kan ilẹ̀kùn wa. Bí a kò bá kọ́ níhìn-ín láti máa béèrè ewúrẹ́ ara wa, a kì yóò mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí a béèrè ara wa. Nígbà tí wọ́n bá tún mú òfin náà wá síwájú wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dìbò fún un.