Ta ló sọ fún yín pé ọjọ́ 30 ni?

1/ Ẹ̀yin tí ẹ ń ta "Ashtanga ní ọjọ́ 30" lórí Instagram, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Èmi náà ti ṣe irú fídíò yẹn rí. Ọrùn ọwọ́ mi ló jẹ ìyà ẹ̀.

2/ Ní Mysore, ní Íńdíà, níbi tí K. Pattabhi Jois ti dá ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní 1948, kálukú ló ń ṣe tiẹ̀ nínú yàrá kan náà. Tí o ò bá tíì mọ ìdúró tí olùkọ́ fún ẹ ṣe dáadáa, kò ní fún ẹ ní òmíì.

3/ Ọmọ Ibefun, ṣé èyí ṣàjèjì sí ẹ ni? Ilé kéwú ńkọ́? Ẹnìkan ṣì wà ní álífù, ẹlòmíì ti ń ka Yásíìnì, orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí. Aáfà ò ní kọ tuntun sí wàláà ẹ tí o ò bá tíì ka ti tẹ́lẹ̀ fún un. Ẹ ò sì pe ìyẹn ní ọ̀lẹ o!

4/ "Olùkọ́ yoga ò sí nítòsí." Ó dáa, wá a dé Ìjẹ̀bú-Òde, wá a dé Èkó, kó fojú ara ẹ̀ rí ẹ. Fóònù ò lè rí i pé èjìká ẹ ti wọ́.

Mo ti pa fídíò tèmi rẹ́. Tiyín ńkọ́?