Ẹ Kọ Òfin Yíyọni Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Tún Yọ Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí, gbogbo ọmọ ọjà láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, Okokomaiko àti ẹnu géètì Navy Town, ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lónìí le díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Kò sí ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe báyìí tí kì í gba orí WhatsApp kọjá. Owó ọdẹ, ọjọ́ ìpàdé, ọjọ́ ìmọ́tótó, iye tá a máa dá fún ẹni tó ṣòfò, orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ ń bá wá. A ò bá ìyẹn jà, ó dín wàhálà kù. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá yọ kúrò nínú gúrúùpù yẹn, ọjà ni wọ́n yọ ọ́ kúrò, bí ìsọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá kan nínú wa tó ń ta ẹja béèrè lórí gúrúùpù pé èló ni owó ọdẹ tó kù lápò. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé kò lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ mọ́. Ìyá tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì! Ó rò pé dátà òun ló tán, ó lọ ra dátà. Lọ́sẹ̀ kẹta wọ́n wá gba ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò wá sí ìpàdé. Níbo ni wọ́n ti kéde ìpàdé ọ̀hún? Nínú gúrúùpù tí wọ́n ti yọ ọ́ ni.

A bi àwọn ádímìnì pé ta ló yọ ọ́. Ọ̀kan ní òun kọ́. Èkejì ní bóyá ọwọ́ ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹgbẹ́ nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ohun téèyàn ò mọ̀ ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà á. Ádímìnì máa tẹ orúkọ gúrúùpù, orúkọ gbogbo wa á jáde, á wá tẹ orúkọ ẹni tó fẹ́ yọ, lẹ́yìn náà ibi tí wọ́n kọ "Remove" sí. Fóònù á bi í bóyá ó dá a lójú. Kò ní bi í pé kí lẹni náà ṣe. Ádímìnì kan lè sọ ẹlòmíràn di ádímìnì, ìyẹn náà á sì gba agbára kan náà. Ẹni tó dá gúrúùpù sílẹ̀ nìkan ni wọn ò lè yọ. Àwọn tó ti jáde àti àwọn tí wọ́n yọ, ọgọ́ta ọjọ́ péré ni WhatsApp fi ń tọ́jú orúkọ wọn fún wíwò. Bí ẹjọ́ bá dé iwájú Ìyálọ́jà lóṣù kẹta, orúkọ náà ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tá a fi ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Kódà ìjọba tó fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù máa ń fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri kó tó gbé katakata dé. Àwọn oníbàárà wa tí ọkọ wọn jẹ́ ológun ojú omi mọ̀ pé ìwé ni wọ́n fi ń gbé èèyàn kúrò ní bárékè. Ẹgbẹ́ tiwa wá ń fi àtàǹpàkò lé ọmọ ẹgbẹ́ láìsí lẹ́tà.

A ò sọ pé kí wọ́n má yọ ẹnikẹ́ni o. Wọ́n ń já fóònù gbà ní Ìyànà-Ìbà nínú gò-síló lójoojúmọ́. Bí nọ́ńbà ẹni tí wọ́n já tiẹ̀ gbà bá ṣì wà láàárín wa, olè á máa ka iye owó tá a ń dá, á sì kọ̀wé lórúkọ rẹ̀ pé ẹ bá òun fi owó ránṣẹ́ kíá. Nọ́ńbà téèyàn pa tì fún ìgbà pípẹ́ náà, ilé-iṣẹ́ fóònù lè tà á fún ẹlòmíràn. Irú èyí, kí wọ́n yọ ọ́ ní wákàtí kan náà, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà tuntun ìyá náà sí i lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè owó, tàbí tó bá ádímìnì jà, ìgbìmọ̀ ni kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà, ó sì gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé.

Wọ́n ní ta ló máa kà á, pé ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀wé. Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Ta ni kò lè ka káàdì àjọ rẹ̀ nínú wa? Ní 1940 tí ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó, Alímọ́tù Pẹlẹwúrà tó jẹ́ olórí ọjà Eréko kò mọ̀wé. Síbẹ̀ òun àtàwọn ọlọ́jà ní kí wọ́n kọ ẹ̀hónú wọn sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ka sí i. Àìmọ̀wé ò ní kéèyàn má nílò ìwé. Ẹni tí kò mọ̀wé gan-an ni wọ́n tètè ń fi ẹnu rẹ́ jẹ.

Ojú ewé kan péré la fẹ́, ní Yorùbá, lára ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́: àwọn tó lè yọni àti orúkọ wọn, ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ yọni, ẹni tá a lè sáré lọ bá kí wọ́n dá wa padà. Kí ìwé kan sì wà tí wọ́n á máa kọ orúkọ ẹni tí wọ́n yọ sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí. Akọ̀wé lè ṣe é kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Títí a ó fi rí i, kí ẹnikẹ́ni má gba ìtanràn ìpàdé lọ́wọ́ ẹni tí kò sí nínú gúrúùpù.

Ẹni tí fóònù rẹ̀ ti sọnù, tí nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, kó lọ sọ fún olórí láìnì rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú.